Àṣìṣe Tèmi, Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Débọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ bá mi kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkùnrin tí a jọ fẹ́ ṣègbéyàwó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ní kí kálukú jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni mo máa ń kà sílẹ̀, màá sì fo èyí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń dúró de èsì mi. Kò mọ̀ pé mo ṣẹ òun.

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Yábàá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá kan tí òjò ń jò sí. Ilé iṣẹ́ náà kò tíì gbà mí pátápátá, wọ́n ní àwọn ṣì ń dán mi wò. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ní kí n máa lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́. A kì í ṣe ìbátan, bí a ṣe ń pe ẹni tó jù wá lọ níbi iṣẹ́ ni. Pápá Àjàó ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í fi ohun tí ẹni kan ò mọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, á dáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta bíi pé n kò bi í rí.

Ètò tí a ń kọ nígbà yẹn wà fún àwọn ilé ìwòsàn. Wọ́n máa ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ orí sìlíńdà ọ́síjìn. Ẹ̀rọ yẹn á máa sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ fún ètò wa. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, ètò wa á pe fóònù àwọn nọ́ọ̀sì, á sì pe awakọ̀ tó máa gbé òmíràn lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan díẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwa tá à ń kọ ètò, a máa ń gé e sí iṣẹ́ kéékèèké, a ó sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Mẹ́tọ́ọ̀dù là ń pè é. Èdè tí èèyàn lè kà la fi ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpáílà ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Nígbà míì, ìtumọ̀ tó ṣe kì í ṣe ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Tí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ṣe gan-an, á ní kí kọ̀ǹpáílà tú ìtumọ̀ náà palẹ̀ kí òun rí i. Ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Torí náà, èèyàn á dárúkọ mẹ́tọ́ọ̀dù tó fẹ́ rí. Tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ náà tán, á kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á wá fi àmì ìràwọ̀ sí i lẹ́yìn. Gbogbo mẹ́tọ́ọ̀dù tí orúkọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa jáde.

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ló kọ́ mi ní èyí náà. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó kọ́ mi pé, "Ìràwọ̀ yẹn ò mọ ẹni tí ò ń wá o. Gbogbo àwọn tórúkọ wọn jọra ló máa kó wá. Ìwọ ni kó o wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀ dáadáa kó o tó sọ pé ti lágbájá ni."

Ó fẹ́ràn kó máa fi Yorùbá sọ mẹ́tọ́ọ̀dù lórúkọ. Ó ní òun ò rí ìdí tí kọ̀ǹpútà ò fi ní gbọ́ Yorùbá. Èyí tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó kù, òun ló kọ ọ́, ó pè é ní SoAfefe, ìyẹn ni pé kó máa ṣọ́ afẹ́fẹ́. Èmi náà wò ó ṣe. Mo kọ èyí tó ń dúró de àmì ìkìlọ̀ kó tó pe fóònù, mo sì pè é ní SoIkilo. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sùúrùlérè pè wá. Ọ́síjìn tán nímú màmá arúgbó kan, fóònù ẹnikẹ́ni kò sì dún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, Màmá Àjíkẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọkọ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá, nọ́ọ̀sì kan ń fi ọwọ́ fún wọn ní afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde lórí ibùsùn fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ wọn sì ní àwọn máa gbé wa lọ sílé ẹjọ́.

Ọ̀gá wa, Àǹtí Fọlákẹ́, pè mí. Wọ́n ní kí n wá ibi tí àṣìṣe náà wà. Wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò náà, wọn ò sì fẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fọwọ́ kàn án. Èmi ni wọ́n wá fọkàn tán.

Ìkánjú mú mi. Mo kọ So, mo fi ìràwọ̀ sí i lẹ́yìn. Ohun tó jáde gùn, mo sì ń fà á lọ sísàlẹ̀ kíákíá. Mo rí àṣìṣe náà. Kọ̀ǹpáílà ti rò pé àmì tí mẹ́tọ́ọ̀dù kan ń dúró dè kò lè yí padà, ó wá ní kó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kó má wò ó mọ́. Bí ẹni tó yọjú sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, tí kò rí ẹnì kankan, tó wá kẹ̀yìn sílẹ̀kùn pátápátá. Ẹni tó kọ mẹ́tọ́ọ̀dù náà ló yẹ kó ti sọ fún kọ̀ǹpáílà pé àmì náà lè yí padà nígbàkigbà. Kò sọ ọ́.

Mi ò wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, mo rò pé tirẹ̀ náà ni mo ṣì ń kà. Mo lọ bá Àǹtí Fọlákẹ́, mo ní SoAfefe ni.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, àṣìṣe lásán ni. Ẹ̀yin náà ì bá sọ pé kò séèyàn tí kì í ṣi nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Wọ́n ní ká pàdé lọ́sàn-án. Kó tó di ìgbà yẹn, mo ní kí n tún un wò, kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mo kọ orúkọ SoAfefe tán lọ́tẹ̀ yìí, láìfi ìràwọ̀ sí i. Òun nìkan ló jáde. Mo kà á látòkè délẹ̀. Kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ fún kọ̀ǹpáílà.

Ó wá ku orúkọ kejì. Mo kọ SoIkilo. Àṣìṣe náà ló wà níbẹ̀ yẹn, nínú èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ.

Mo lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́rí, mo jókòó síbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ màmá yẹn lọ́ọ́fíìsì Àǹtí Fọlákẹ́, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n fi ẹni tó fẹ́ pa ìyá àwọn hàn wọ́n. Mo ronú nípa ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun ti ríṣẹ́ l'Ékòó. Mo wá sọ fún ara mi pé Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n máa kàn bá a wí lásán ni. Ẹ dákun, mi ò sọ ọ́ láti fi wẹ ara mi mọ́. Bí mo ṣe rò ó gan-an nìyẹn.

Nígbà tí a jókòó, Àǹtí Fọlákẹ́ ní, "Débọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ẹ ló bàjẹ́. Kí lo fẹ́ sọ sí i?"

Èmi ni Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ yíjú sí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó ní, "Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

Mo ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

"Orúkọ wo ló wà lórí ẹ̀?"

Mo mọ orúkọ tó wà lórí ẹ̀. Kò tíì tó wákàtí kan tí mo kà á. Mo ní, "SoAfefe ni, sà."

Ó wá mi orí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ lo wò ó, tó o sì rí i, á jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ nìyẹn." Ó yíjú sí Àǹtí Fọlákẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni."

Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Kò bá mi jiyàn. Ká ní ó jiyàn ni, bóyá ẹnu mi ì bá tú u. Ó gbà mí gbọ́ torí òun ló kọ́ mi, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ mi dáadáa.

Wọ́n ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà. Mo tún SoIkilo ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì sọ fún gbogbo èèyàn pé mo ti tún iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ṣe. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà mí pátápátá. Lónìí, ipò tí Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ wà nígbà náà ni mo wà.

Láti ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, ilé ìwòsàn tí màmá yẹn wà ni Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ gbà lọ tààrà. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Àkọ́bí wọn fi ẹsẹ̀ tì í, ó ní kó kúrò lójú òun. Màmá ló sọ láti orí ibùsùn, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kó dìde. Èmi ò sí níbẹ̀ o. Òun ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, tó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ oore tí wọ́n ṣe fún un.

Kò kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ́ látìgbà náà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Pápá Àjàó, ó ń tún fáànù ṣe. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú orí ọkùnrin yẹn. Nígbà kan tí mo bi í bóyá kò ní padà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí epo ti sọ di dúdú, ó ní, "Èyí tó bá bàjẹ́ níbí, fáànù lásán ni. Kò ní pa ẹnì kankan."

Mo máa ń lọ kí i. Ẹ lè ní ojú wo ni mo fi ń lọ. Èmi náà ò mọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń gbàdúrà fún mi, á ní nínú gbogbo àwọn ará ọ́fíìsì, èmi nìkan ni n kò gbàgbé ọmọ òun. Màá ṣe àmín, màá sì wo ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Màmá Àjíkẹ́. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ó ṣì ń lọ síbẹ̀. Ó ra ẹja gbígbẹ tó wá láti Makoko, torí ó ní èyí tí wọ́n bá yan níbẹ̀ ni Màmá fẹ́ràn. Nígbà tí a dé, ó wọ ilé bí ọmọ ilé. Ó tún ìrọ̀rí wọn tò. Ó wo sìlíńdà ọ́síjìn tó wà ní igun yàrá, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un wò kó tó jókòó. Mo rí i pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbàkigbà tó bá dé ibẹ̀.

Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ló fẹ́ pa mí, òun náà ló wá ń bọ́ mi. Àwọn tí mo bí gan-an ò ń wá tó o." Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹ jọ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ni? O ò bá a bínú?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn wò. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti dárí jì í.

Nígbà tí a jáde, a jọ ń rìn lọ. Ó wá sọ fún mi pé ẹnì kan tí wọ́n jọ kàwé ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́ kí òun wá máa bá a kọ ètò. Ó ti ní òun ò ṣe, ẹni náà tún ti padà wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkàn òun ń fà sí i. Ó ní nígbà míì òun máa ń fi ọkàn kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, láìsí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

Ó dúró. Ó ní, "Ìwọ lo rí àṣìṣe mi lọ́jọ́sí. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn èyí fún mi jù ẹ́ lọ. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé irú mi ṣì lè padà sídìí ẹ̀? Ohun tó o bá sọ ni màá ṣe."

Òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Mo ti la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fẹ́ fara balẹ̀ rò ó.

Láti ìgbà yẹn, oorun ò kùn mí dáadáa. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn, èmi náà sì ti rí i. Mo lè pè é, kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà, ẹ mọ iṣẹ́ náà." Inú rẹ̀ á dùn. Á padà sídìí ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Èmi náà á wà ní ipò mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà míì mo tún máa ń sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ òótọ́, mo lè ba àárín òun àti Màmá jẹ́, torí àṣìṣe yẹn ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, màá bi ara mi pé ta ni mo ń tan.

Torí tó bá fi báyìí padà, á ṣì máa rò pé òun lòun fẹ́ pa màmá yẹn. Gbogbo ìlà tó bá kọ, á máa fi ọkàn ẹlẹ́bi kọ ọ́. Á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí ọ̀dọ̀ Àǹtí Fọlákẹ́, kí orúkọ rẹ̀ lè mọ́ níwájú gbogbo ọ́fíìsì? Màmá ńkọ́? Ta ló yẹ kó sọ fún wọn, èmi àbí òun? Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ṣé kó gbọ́ ọ kí n tó lọ, kó lè mọ irú ẹni tó fẹ́ gbé sílé? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ro ìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ojú Ẹ̀gbọ́n Débọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní bínú. Ẹ̀rù ń bà mí pé á kàn mi orí bó ṣe mi orí lọ́jọ́ yẹn.

Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Mi ò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí n má jẹ́ kó wọ̀ mí lọ́rùn, pé òun ò kán mi lójú.

Ẹ dákun, ẹ má kàn kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Ọlọ́run kọ́ ni mo purọ́ fún lọ́jọ́ yẹn. Màá lọ sí Pápá Àjàó, mo ti pinnu ìyẹn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá dán an wò nínú yàrá mi, "Ẹ̀gbọ́n" ni ọ̀rọ̀ tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, mi ò sì rí èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ìyókù, ó tọ́ kí n dá a sọ fúnra mi.